Ìwòsàn, Owó àti Òṣèlú: Níbo ni Àmánà Wà?

Bísímílááhi Ràhúmáánì Ràhíímù. Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tó ń fi àìsàn dán ẹrú Rẹ̀ wò, tó sì ń fúnni ní ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipa wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

  

Lánàá, lẹ́yìn tí a ṣínu tán, ìyá kan wá bá mi ní mọ́sáláṣí. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra. Dókítà ti sọ fún un pé kí ó má gba àwẹ̀ ọdún yìí. Ó ní, "Àlífáà, ṣé kí n gba dókítà gbọ́? Àwọn kan ń sọ fún mi pé oògùn tí wọ́n fẹ́ máa tà fún mi ni wọ́n ń wá, pé kò sí nǹkan kan tó ṣe mí."

Mo dá ìyá náà lóhùn bí àwọn onímọ̀ wa ti kọ́ wa. Nínú Súrátul Bakọra, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kí ó jẹun, kí ó san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá lè san án mọ́, kí ó máa bọ́ tálákà. Àwọn onímọ̀ fíkíhì sì sọ bí aláìsàn yóò ṣe mọ̀ pé àwẹ̀ yóò pa òun lára: bóyá ó ti rí i lára ara rẹ̀ rí, tàbí kí oníṣègùn sọ fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oníṣègùn kan ṣáá. Nǹkan méjì ni wọ́n ní kí á wò lára rẹ̀. Èkíní, kí ó mọ iṣẹ́. Ìkejì, kí ó jẹ́ ẹni tó ṣeé gbára lé, ẹni tó ń ṣọ́ àmánà.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe gbé ọ̀rọ̀ oníṣègùn ga tó. Àwẹ̀ jẹ́ òpó kan nínú òpó márùn-ún ẹ̀sìn wa, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣègùn lè sọ fún Mùsùlùmí pé kí ó jẹun ní ọ̀sán Rọmọdáànù, kò sì ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu náà bá wá di ohun tí owó lè rà ńkọ́? Tó bá di ohun tí àwọn olóṣèlú lè tẹ̀ síbi tó wù wọ́n ńkọ́? Ìbéèrè ìyá yẹn kì í ṣe ìbéèrè òpè. Òun ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lálẹ́ òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò wá bú dókítà. Ànábì wa pa á láṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn, ó sì kọ́ wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ àfi kí ó sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà láàyè lónìí, bí kò bá sí ti abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó, ilẹ̀ ìbá ti jẹ wá. Òwò pàápàá kì í ṣe háráàmù. Ànábì wa ṣòwò. Ẹni tó ná owó àti ọdún gbọọrọ láti wá oògùn jáde, ó tọ́ kí ó jèrè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí èrè bá kúrò nípò ìránṣẹ́, tó wá jókòó sórí àga adájọ́. Nígbà náà, èrè ni yóò máa sọ àrùn tí wọ́n máa wá oògùn fún àti àrùn tí wọ́n máa pa tì. Èrè ni yóò sọ ohun tí wọ́n máa wí fún aláìsàn àti ohun tí wọ́n máa gbé pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Kano, ní ọdún 1996. Ọdún náà ni àrùn yírunyírun jà ní ilẹ̀ Hausa bí iná inú ọyẹ́. Àrùn yìí a máa mú kí ọrùn le, kí orí máa fọ́, kí ibà gbóná janjan. Ó lè pa ọmọdé láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tí kò bá sì pa, ó lè sọ ọ́ di adití. Àwọn tí wọ́n kà pé ó mú ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn lé ní 100,000. Àwọn tó kú nínú wọn lé ní 11,000.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn tó ń ràn ní Kano kún àkúnya. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ aláàánú kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Médecins Sans Frontières wà níbẹ̀, wọ́n ń fi oògùn kan tó ń jẹ́ chloramphenicol tọ́jú àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn yìí kò wọ́n, ayé sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nínú ọgbà kan náà ni àwọn dókítà ilé iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà dé sí ní oṣù kẹrin ọdún náà. Oògùn tuntun kan wà lọ́wọ́ tiwọn, Trovan ni wọ́n pè é. Ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Wọ́n ń wá ẹ̀rí pé ó lè ṣiṣẹ́ fún ọmọdé. Wọ́n mú ọmọ 200. Wọ́n fún 100 nínú wọn ní Trovan, wọ́n sì fún 100 yòókù ní oògùn kan tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, ceftriaxone, kí wọ́n lè fi èkíní wé èkejì.

Ọmọ 11 kú nínú wọn. Márùn-ún jẹ́ nínú àwọn tó lo Trovan, mẹ́fà jẹ́ nínú àwọn tó lo èkejì. Àwọn òbí sọ pé àwọn ọmọ mìíràn yè é ṣùgbọ́n wọ́n di adití, afọ́jú tàbí arọ. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe oògùn àwọn. Àwọn òbí ní oògùn kejì tí wọ́n fún àwọn ọmọ kò tó ìwọ̀n tó yẹ, kí Trovan lè dára lójú. Ilé iṣẹ́ náà sẹ́. N kò jókòó dájọ́ láàárín wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ni èyí: àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò wí fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn lẹ́nu, wọ́n sì gbà.

Ìwé kan tún wà. Wọ́n gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìgbìmọ̀ kan ní ilé ìwòsàn ìjọba fọwọ́ sí ìdánwò náà. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1996 ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ìdí rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ìgbìmọ̀ náà kò tíì sí ní ọjọ́ yẹn rárá.

Ẹ fi ara yín sí ipò ìyá kan níbẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n láti ìgbèríko. Ọrùn ọmọ ti le. Kò mọ̀wé. Ó rí àwọn dókítà aláṣọ funfun, ó ní, "Alhamdulillāh, olùrànlọ́wọ́ ti dé." Kò mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà nínú ọgbà kan ṣoṣo yẹn: ọ̀kan jẹ́ ti oògùn tí a ti mọ̀, ọ̀kan jẹ́ ti oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò. Àmánà ò béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ dókítà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó ṣáà sọ pé, "Ìyá, oògùn tuntun nìyí, a kò tíì mọ gbogbo ohun tí ó lè ṣe. Ẹ wo àwọn wọ̀nyẹn lọ́hùn-ún, oògùn mìíràn wà lọ́wọ́ tiwọn. Ẹ yan èyí tó bá wù yín." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tí wọ́n sì jẹ́ kí ó yé gbogbo òbí yékéyéké, kí ló dé tí òbí kan fi ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò gbọ́ ọ rí?

Ní ìparí ọdún 1997, Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa ta Trovan fún àgbàlagbà. Wọn kò gbà á fún ọmọdé. Nígbà tó fi di 1999, wọ́n rí i pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, wọ́n dín lílò rẹ̀ kù gidigidi, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Apá ti owó nìyẹn. Apá ti òṣèlú wá ńkọ́? Ní òpin ọdún 2000, ìwé ìròyìn Washington Post ti Amẹ́ríkà tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba wa yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n parí àbọ̀ wọn ní ọdún 2001: wọ́n ní ìdánwò náà lòdì sófin. Níbo ni àbọ̀ náà wà? Inú dúrọ́ọ̀. Ọdún 5 ló fi wà níbẹ̀. Ìjọba tí ó jẹ́ tiwa kò ka á sí wa létí. Ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè yẹn náà ló tún rí i, tó gbé e jáde ní 2006. Lẹ́yìn èyí ni Kano gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù ní 2007. Ní 2009, wọ́n fi ẹnu kò ní ìta kóòtù sí mílíọ̀nù 75 dọ́là: mílíọ̀nù 35 fún àwọn ẹbí, mílíọ̀nù 30 fún ètò ìlera ní Kano, mílíọ̀nù 10 fún ìnáwó ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni ẹbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tó rí owó gbà, 175,000 dọ́là fún ẹbí kọ̀ọ̀kan. Láti 1996 dé 2011, ọdún 15 ni. Ọmọ tó wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti di ọ̀dọ́.

Ẹ̀yin ará mi, èmi kò ka ikú àwọn ọmọ 11 yẹn àti ẹjọ́ yìí nìkan sí ìparí ọ̀rọ̀. Nǹkan mìíràn kú ní Kano. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló kú. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ní ọdún 2003, wọ́n ń gbé oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kiri ilé dé ilé, wọ́n ń kán an sí àwọn ọmọ lẹ́nu. Àwọn aṣáájú kan nínú ẹ̀sìn wa ní òkè Ọya dìde, wọ́n ní ohun tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan dá a dúró. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi tètè gbà? Torí wọ́n rántí 1996. Wọ́n ní, "Àwọn tí wọ́n fi ọmọ wa dán oògùn wò láìsọ fún wa, kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé ti ọ̀fẹ́ wá kan wa lẹ́nu ọ̀nà?" Òṣèlú sì tún fẹ́ iná sí i. Oṣù díẹ̀ péré ni a dìbò tán. Ẹgbẹ́ tó wọlé ní Kano kọ́ ló ń ṣèjọba ní Abuja. Ohun tí Abuja bá ti ní ó dára, ó di dandan kí ẹlòmíràn ní kò dára. Báyìí ni wọ́n sọ ẹnu ọmọdé di pápá ìdíje.

Mo fẹ́ sọ ti ara mi níbí. Nínú Súrátun Nisāi, Ọlọ́hun ní kí á jẹ́ ẹlẹ́rìí òdodo, kódà bó ṣe pé ara wa ni ẹ̀rí náà yóò ta bá. Ní ọdún yẹn, kásẹ́ẹ̀tì wáàsí kan dé ọwọ́ mi láti òkè Ọya, lórí ọ̀rọ̀ oògùn yìí. Mo gbọ́ ọ, ó wọ̀ mí lára. Ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn àsálátù, arákùnrin kan nínú jámáà wa bi mí pé, "Àlífáà, àwọn oníkíkán ń bọ̀ lọ́la. Ṣé kí n gbé ọmọ fún wọn?" N kò bi dókítà kankan. N kò bi nọ́ọ̀sì tó wà nínú jámáà wa pàápàá. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹ jẹ́ kí á wò ó." Arákùnrin náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó ti ilẹ̀kùn. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, ibà ṣe ọmọ náà. Nígbà tí ibà lọ, ẹsẹ̀ kan ò gbéra mọ́.

Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Bó bá wọ mọ́sáláṣí, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Bàbá rẹ̀ kò bá mi jà lọ́jọ́ kan. Ó ní kádàrá ni. Òótọ́ ni, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n bi mí, mo sì mọ ohun tí mo fi dáhùn. Ànábì wa kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn tí kì í sì í ṣe ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọn, òun ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣe ìṣègùn pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá àwọn ọmọ mi ní tirẹ̀ ti gbé èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ wa lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì, kò sọ fún mi. Ọdún púpọ̀ kọjá kí ó tó jẹ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Súrátul Hujurāti ti kìlọ̀ fún wa pé bí ìròyìn bá dé bá wa, kí á wádìí rẹ̀ wò, kí á má bàa fi àìmọ̀kan ṣe àwọn kan ní ibi, kí á wá máa kábàámọ̀. Ẹ wo èrè àìwádìí. Ní 2003, ọmọ 355 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà. Ní 2004, wọ́n di 782. Ní 2006, wọ́n lé ní 1,100. Ó tún rékọjá láti ilẹ̀ wa dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àní ó dé ilẹ̀ Sáúdí níbi tí a ti ń ṣe Haji. Ní 2004, Kano gbà láti tún bẹ̀rẹ̀, ó ní oògùn tó bá ti Indonesia wá ni òun yóò lò, torí ilẹ̀ Mùsùlùmí ni. Wọ́n bá a mú un wá. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2005? Àrùn náà dé Indonesia. Àwọn onímọ̀ tọ orísun rẹ̀ títí dé òkè Ọya ilẹ̀ wa. Ó lé ní 300 ọmọ tó mú níbẹ̀. Àwọn tó fún wa ní oògùn, àwa fún wọn ní àrùn. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àbáláyé ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Àwọn aláṣẹ ayé náà kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ní 2011, àwọn aṣèwádìí abẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà lo dókítà kan ní Pakistan kí ó máa gún abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri, àṣé Usama bin Laden ni wọ́n ń wá. Nígbà tí àṣírí tú, àwọn tó ń kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu níbẹ̀ wọ ewu. Láti ìparí 2012 ni wọ́n ti ń yìnbọn pa wọ́n. Ní 2014 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wí pé àwọn kò ní fi àjẹsára bo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n pa kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àmánà tí alágbára bá jẹ, ọmọ tálákà ló máa ń san án.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí á rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 1990, oògùn paracetamol olómi pa àwọn ọmọdé tó lé ní 100 ní Ìbàdàn níbí àti ní Jos. Ohun olóró kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀ dípò èyí tó yẹ kí wọ́n fi pò ó. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà ló bàjẹ́. Ní 1993 ni wọ́n dá NAFDAC sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìparí 2008 wọ inú 2009, ohun olóró yìí kan náà tún wọ inú oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yọ eyín. Ọmọ 84 ló kú. Òyìnbó kọ́ ló pò ó. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti tà á.

Ànábì wa kọjá lọ́jà ní ọjọ́ kan, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ tí ọkùnrin kan ń tà. Òkè rẹ̀ gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó bi í léèrè. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìjọba Mùsùlùmí àtijọ́ fi ní muhtasib, ẹni tó ń yẹ òṣùwọ̀n ọjà wò, tó sì ń yẹ ìsọ̀ àwọn eléwé-òun-oògùn wò pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí Sultan Qalawun fi kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan ní Cairo ní nǹkan bí 1284, tó sì ya ohun ìní sọ́tọ̀ fún un ní wákàfù, kí owó oúnjẹ dókítà má bàa wá láti àpò aláìsàn. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu tí ebi ń pa tàbí tí ojúkòkòrò ń gùn kò ní pẹ́ parọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ara wa. Ẹni tó ń ta oògùn nínú kẹ́míìsì, tó mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀, tó fi ọwọ́ bo ọjọ́ náà, òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ tutù ni. Dókítà tó ń kọ oògùn tó wọ́n jù nítorí pé aṣojú ilé iṣẹ́ kan ti ṣe é lóore, nígbà tí èyí tí kò wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó ti jẹ àmánà. Olóṣèlú tó ń fi àwòrán ara rẹ̀ lẹ káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́, tí ilé ìwòsàn kò sì ní owú nínú, ó ti jẹ àmánà. Àwa àlífáà náà ńkọ́? Àwọn wo ló ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n ń ta ìgò kan ṣoṣo tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrọ́mọbí? Ta ló ń sọ fún aláìsàn pé kí ó da oògùn dókítà nù, kí ó wá san owó hántù? Bí a bá fi ìka kan na Pfizer, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí àwọn ìka yòókù kọjú sí.

Kí ni kí á wá ṣe? Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nítorí pé wọ́n rẹ́ni jẹ ní Kano, a kò ní sọ pé kí ọmọ wa má gba àjẹsára. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kì í gé gbogbo ọwọ́.

Èkíní, ẹ máa béèrè. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi sí dókítà. Kí ni orúkọ oògùn yìí? Kí ni yóò ṣe fún mi? Kí ni ó lè bàjẹ́ lára mi? Ṣé èyí tí owó rẹ̀ kò tó báyìí wà? Bí wọ́n bá sì fẹ́ dán oògùn wò lára ẹnikẹ́ni, òfin ìlera ilẹ̀ wa ti ọdún 2014 ti sọ ọ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún un, kí ó sì fi ọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó mú ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé dání.

Ìkejì, ẹ máa wo nọ́ḿbà NAFDAC àti ọjọ́ tó wà lára oògùn kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ní ibi tí a ti ń họ nọ́ḿbà, ẹ họ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ̀yin àlífáà ẹgbẹ́ mi, ohun tí a kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kí á sọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Kò dín ọlá wa kù. Kí lemọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan mọ dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan nínú jámáà rẹ̀ tó lè bi léèrè kí ó tó gun mínbárì.

Ìkẹrin, ẹ má dákẹ́. Ní ilẹ̀ South Africa, ilé iṣẹ́ oògùn 39 gbé ìjọba lọ sí kóòtù ní 1998, torí òfin tí yóò jẹ́ kí oògùn dín owó fún tálákà, nígbà tí àrùn kògbóògùn ń pa wọ́n bí eṣinṣin. Àwọn aláìsàn fúnra wọn jáde sí títì, ayé gbọ́ igbe wọn, àwọn ilé iṣẹ́ náà sì kó ẹjọ́ wọn kúrò ní oṣù kẹrin ọdún 2001. Ìjọba tiwa náà, kí á máa bi í pé: àbọ̀ ìwádìí tí ẹ ṣe, níbo ló wà? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Mo ti dá ìyá tó wá bá mi lánàá lóhùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹun. Ẹ padà lọ bá dókítà yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Ẹni tó bá jókòó dá yín lóhùn títí tó fi yé yín, ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó bá lé yín jáde nítorí pé ẹ béèrè, ẹ wá ẹlòmíràn." Mo sì fi nọ́ọ̀sì inú jámáà wa tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì tí n kò bi léèrè lọ́jọ́sí.

Ọlọ́hun Ọba Aláàánú, fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn tí àìsàn kò ní tẹ̀lé. Fún àwọn dókítà wa ní ìmọ̀, kí O sì fi ìbẹ̀rù Rẹ sí wọn lọ́kàn. Ràn wá lọ́wọ́ kí á dá àmánà padà fún àwọn tó ni ín, gẹ́gẹ́ bí O ti pa á láṣẹ. Foríjì àwa tí a sọ̀rọ̀ láìmọ̀. Gba àwẹ̀ wa àti ìrun wa, kí O jẹ́ kí á tún ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní àlàáfíà. Āmīn, yā Rabbal ālamīn.